Ọwọ́ Tó Ń Kú Lórí Ìlù àti Gìtá: Ibi Tí Iṣẹ́ Chiropractor Mọ

Bí ọwọ́ onígìtá tàbí onílù kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹni tó máa gbà á nímọ̀ràn kì í wọ́n. Ẹnì kan á ní kó fi Àbóníkí pa á, ẹlòmíràn á ní omi gbígbóná àti iyọ̀ ló kù. Ìyá alágbo tó wà ní ìkóríta á ní làkúrègbé ni, á sì ti bu ife kan fún un kó tó rojọ́ tán. Bó bá wá ṣe pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi ẹni náà ṣe aṣáájú nínú ẹgbẹ́ tí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹnì kan kò ní ṣàì sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ayé ti ta á lọ́fà. Ní báyìí, fóònù ti fi tirẹ̀ kún un. Àwọn fídíò chiropractor, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ ti eegun ẹ̀yìn àti oríkèé, pọ̀ níbẹ̀ lọ súà: wọ́n á yí ọrùn èèyàn, á dún kọ́, ẹni tí wọ́n yí lọ́rùn á sì dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ti wá gbà pé ohun tí ọwọ́ àwọn nílò nìyẹn, kí ẹnì kan ṣáà fà á kó dún.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan. Ẹlòmíràn á kàn fowó ṣòfò ni. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ewu ló fẹ́ fowó ara rẹ̀ rà. Ibi tí ìrora náà ti ń wá ló ya wọn sọ́tọ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá, kó tó fa ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ń ṣe. Láti ibùdókọ̀ Ìjẹ̀ṣà lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá títí wọ Lawanson àti Ìtìrẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ju ohun téèyàn lè kà lọ, ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní onílù sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta béèsì lè ṣe ìdánrawò ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó ṣe àìsùn ní alẹ́ Ẹtì, kó bá ẹgbẹ́ kan lọ sí òde ìgbéyàwó ní Sátidé, kó sì tún wà ní ìdí gìtá rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ Sọ́ńdè. Láàárín ọ̀sẹ̀, bóyá irun ló ń gẹ̀, kílípà á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá délé, fóònù ló kàn. Ọwọ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí kì í lu ìlù kì í rò mọ́ ọn. Onílù tí kò bá gbọ́ ohun ara rẹ̀ máa ń lù ú le sí i. Sípíkà tó yẹ kó kọjú sí àwọn olórin kò sí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti òde, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri, akọrin mẹ́ta sì ti di máìkì mú. Onílù á gbé ọwọ́ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á fún igi mọ́wọ́ pinpin, agbára tó yẹ kó gbé e dé òpin ìsìn á sì ti tán kí oníwàásù tó gun orí pẹpẹ. Mo ti rí ọmọ kan tó ń tẹ dùùrù nínú ìdánrawò kan ní àdúgbò yìí. Bí wọ́n bá ti parí orin kan, á gbọn ọwọ́ ọ̀tún méjì-mẹ́ta bí ẹni tó ń gbọn omi dànù, á sì fi pa sòkòtò. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn gan-an jẹ́ àmì, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Iṣan tó ń mú ìka ṣiṣẹ́ kò sí nínú ìka. Apá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú nísàlẹ̀ ìgúnpá, kí ẹ wá máa mi ìka ọ̀tún bí ẹni tó ń tẹ dùùrù: ẹ ó gbọ́ ọ lábẹ́ ọwọ́ yín bí ẹran apá ṣe ń sún síwá sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni àwọn okùn iṣan tó le, tó sì ń dán, ti ń fa ìka. Mẹ́sàn-án nínú àwọn okùn tó ń ká ìka wọ àtẹ́lẹwọ́ ló ń gba inú ihò tóóró kan kọjá níbi ọrùn ọwọ́. Eegun ni ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ihò náà, awọ kan tó nípọn tó sì le ni òrùlé rẹ̀, kò sì sí èyí tó máa fẹ̀ nínú wọn. Nọ́ọ̀fù kan, ìyẹn okùn tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ìka, ló ṣe ìkẹwàá wọn nínú ihò náà. Ẹni tó bá ti wọ danfo ní Ojúẹlẹ́gbá nírọ̀lẹ́ mọ bó ṣe ń rí: bí àwọn tó jókòó bá gbòòrò sí i díẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀ jù lọ ni wọ́n máa fún mọ́ ilẹ̀kùn. Bí awọ tó bo okùn mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn bá wú nítorí fífà láìsinmi, nọ́ọ̀fù ni wọ́n ń fún. Carpal tunnel syndrome ni àwọn dókítà ń pe ìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń fà á o. Aláboyún lè ní in, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè ní in, torí náà kì í burú kí olórin tó ti lé lógójì ọdún yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò kó tó dá gìtá lẹ́bi.

Nọ́ọ̀fù yìí ní ààlà tirẹ̀, kì í kọjá ibẹ̀. Òun ló ni àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀lé e, ìka àárín, àti ìdajì ìka tí à ń fi òrùka sí, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìka àárín. Kò kan ọmọńdinrín rárá. Ìdí nìyẹn tí físíò (physiotherapist) tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, “Ìka wo gan-an ló ń kú?” Ọ̀pọ̀ èèyàn á fèsì pé, “Gbogbo ẹ̀ ni, Àǹtí.” Kì í sábà jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi bírò kun ibi tó kú lára ọwọ́ yín ní òru tó bá jí yín, kí ẹ wá wò ó láàárọ̀. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ á ran ẹni tó máa tọ́jú yín lọ́wọ́ ju ẹjọ́ wákàtí kan lọ.

Bó bá jẹ́ ọmọńdinrín àti ìdajì kejì ìka òrùka ló ń kú, nọ́ọ̀fù mìíràn ni, èyí tó gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá, tó máa ń ta wá gan-an bí a bá ṣèèṣì fi ìgúnpá gbá etí ilẹ̀kùn. Kíká apá fún ìgbà pípẹ́ ló máa ń nà án: fóònù létí, oorun tí a fi apá ká sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, apá òsì onígìtá tó ká fún wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá ń to ọrùn ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìgúnpá ló yẹ kó wò.

Ọ̀nà kẹta ni ọrùn fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀fù márùn-ún tó ń jáde láàárín àwọn eegun ọrùn àti ìbẹ̀rẹ̀ àyà, lápá kọ̀ọ̀kan, ló ń para pọ̀ lábẹ́ eegun èjìká kí wọ́n tó pín wọ apá. Bí ọ̀kan bá fún mọ́ eegun níbẹ̀, àtàǹpàkò lè kú nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣe ọrùn ọwọ́. Irú èyí máa ń sọ̀kalẹ̀ láti ọrùn gba èjìká wá, ó sì máa ń yí padà bí èèyàn bá yí ọrùn tàbí tó wo òkè. Ẹ wo bí onígìtá ṣe máa ń tẹ ọrùn sí òsì láti wo ibi tí ìka rẹ̀ wà. Ẹ tún wo ẹni tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú ayẹyẹ òkú àgbà. Ọrùn wọn ń jìyà pẹ̀lú, ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń ráhùn sí.

Ìdánwò méjì wà tí èèyàn lè ṣe nínú yàrá ara rẹ̀. Àkọ́kọ́: ẹ gbé ìgúnpá sókè, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì kan ara wọn níwájú àyà, kí ìka máa wo ilẹ̀, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín bí abẹ́rẹ́ kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ihò ọrùn ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá tún ń jí yín lóru tí ẹ fi ń gbọn ọwọ́ kó tó rọlẹ̀, bíi ti ọmọ onídùùrù yẹn, ó túbọ̀ dájú. Èkejì: ẹ ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ìka mẹ́rin tó kù bò ó, kí ẹ wá rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sí apá ibi tí ọmọńdinrín wà. Bó bá dùn yín wọra nídìí àtàǹpàkò, okùn méjì tó ń gbé àtàǹpàkò ló wú nínú àpò wọn. Dókítà ará Switzerland kan, Fritz de Quervain, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1895, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Èyí kejì yìí ni mo máa ń rò mọ́ onígángan. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ há mọ́ ọṣán ìlù, òun àti ìka yòókù ló ń fún un kí ohùn tó lọ sókè, wọ́n á dẹ̀ ẹ́ kó tó wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ti inú ìlù jáde. Lọ́wọ́ ọ̀tún, àtàǹpàkò ló di kọ̀ǹgọ́ mú, ọrùn ọwọ́ ló ń jù ú. Ẹni tó fi oríkì kí olówó mẹ́wàá nínú òde kan ti fún ọṣán ní àìmọye ìgbà. Àwọn ọmọ ilé Àyàn tó ti kékeré bẹ̀rẹ̀ máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi apá àti ìhà ran ọwọ́ lọ́wọ́ láti fún ìlù. Ẹni tó kọ́ ọ lágbà kí ṣọ́ọ̀ṣì lè ní gángan, ìka nìkan ló ń lò.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ chiropractor. Ní 1895 yẹn kan náà, ní ìlú Davenport ní ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ D. D. Palmer tẹ eegun ẹ̀yìn Harvey Lillard, ẹni tó ń tọ́jú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́, tí kò sì gbọ́ràn dáadáa. Palmer kéde pé etí ọkùnrin náà là. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ chiropractic ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní nínú àìsàn 100, 95 ló jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ ló ń fà á. Ìmọ̀ ìṣègùn kò rí ẹ̀rí fún ìyẹn títí di òní (nọ́ọ̀fù tó ń mú etí gbọ́ràn kò tilẹ̀ gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá). Ọ̀pọ̀ chiropractor òde òní pàápàá ti fi ìgbàgbọ́ yẹn sílẹ̀, wọ́n gbájú mọ́ ẹ̀yìn ríro, ọrùn ríro àti oríkèé tó gan.

Chiropractor tó kàwé iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kì í sáré fa ọwọ́. Á gbọ́ ìtàn, á ní kí olórin gbé ohun èlò rẹ̀ wá kó lù ú níwájú òun, á wo ọrùn, èjìká, ìgúnpá, kó tó kan ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló lè rọra mi oríkèé tó gan títí yóò fi rọ̀, tàbí kó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá, láàárín àyè kékeré. Èyí ló máa ń dún. Á tún fọwọ́ ra iṣan apá àti ti èjìká, á sì kọ́ni ní ìdárayá tí èèyàn á máa ṣe nílé. Bí a bá yọ eegun ẹ̀yìn títì kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí físíò ń ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ariwo tó ń dún yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n rò pé eegun tó yẹ̀ ló padà sáyè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi díẹ̀ wà nínú oríkèé, afẹ́fẹ́ sì wà nínú omi náà; bí a bá ya eegun méjèèjì kúrò lára wọn lójijì, àyè afẹ́fẹ́ á là nínú omi náà, òun ló ń dún. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú oríkèé ìka. Ara lè fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, oríkèé sì lè ṣí sí i. Ṣùgbọ́n okùn mẹ́sàn-án tó wú nínú ihò ọrùn ọwọ́ kò gbọ́ ariwo náà. Bó bá dún tí kò dún, wíwú wọn wà níbẹ̀.

Kí wá ni ẹ̀rí wí? Bó bá jẹ́ ọrùn ni ìrora ti ń wá, ìtọ́jú tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe pọ̀ mọ́ ìdárayá máa ń mú ìdẹ̀ra wá fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ sì ni chiropractor ti lè sọ̀rọ̀ kí a gbọ́. Ní ti carpal tunnel, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1998, fi ìtọ́jú chiropractic wé oògùn ibuprofen àti àmúró ọrùn ọwọ́ tí wọ́n ń wọ̀ sùn. Ara ìhà méjèèjì ló fúyẹ́ sí i, èyíkéyìí kò sì ta èkejì yọ. Lójú tèmi, bí ìje bá ti rí báyẹn, àmúró tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ló jáwé olúborí, nítorí a kì í san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti máa rí wọn tún wà níbẹ̀. Chiropractor tó gboyè kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Durban àti Johannesburg ni àwọn yunifásítì tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún ẹ̀kọ́ yìí wà. Ẹni tó wo fídíò, tó ra tábìlì ìfọwọ́rara, tó sì kọ chiropractor sára ògiri kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí àwa ní, tó sì sún mọ́ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ni físíò. Igbóbì, ilé ìwòsàn eegun ìjọba tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ni iṣẹ́ físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1945, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, tó ṣílẹ̀kùn ní 1962, kò ju ibi tí kẹ̀kẹ́ máa gbé yín dé láìpẹ́ lọ. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan wà tó ń fún àwọn físíò ní ìwé àṣẹ, Medical Rehabilitation Therapists Board ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan ọrùn yín, kì í ṣe àrífín láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè rí ìwé àṣẹ yín?”

Àwọn tó ń to eegun nílé wa ní iṣẹ́ tiwọn, ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ lè ní ẹ̀rí láti jẹ́. Nọ́ọ̀fù tó fún kì í ṣe eegun tó dá. Bí wọ́n bá fi pẹlẹbẹ igi di ọrùn ọwọ́ tó ti wú tẹ́lẹ̀, ihò tó fún ni wọ́n tún fún pọ̀ yẹn, bó bá sì le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́.

Ewu ọrùn yíyí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú àwọn eegun ọrùn kọjá, bí wọ́n bá yí ọrùn lójijì, inú òpó náà lè ya, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀lé e. Bí ọrùn bá ń dun èèyàn lọ́nà tí kò rí rí lẹ́yìn tí wọ́n yí i, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu tàbí tí ojú rẹ̀ ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ilé ìwòsàn ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹni tí àìsàn ọwọ́ rẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ kò ní ìdí kankan láti fi ọrùn rẹ̀ wewu báyẹn.

Ní ilé ìwòsàn, ìtọ́jú carpal tunnel ń lọ ní ìpele. Àmúró ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún èèyàn, èyí tó ní pẹlẹbẹ irin tàbí ike nínú, kó lè mú ọrùn ọwọ́ gún régé lóru, nítorí pé bí a bá sùn tí a ká a, ihò náà á túbọ̀ fún. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó, abẹ́rẹ́ steroid wà tí wọ́n ń gún sí ẹ̀gbẹ́ okùn kí ó lè fọn. Bí iṣan tó wà nídìí àtàǹpàkò bá ti ń joro, tí ife ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, iṣẹ́ abẹ ló kàn: wọ́n á la òrùlé ihò yẹn kí nọ́ọ̀fù lè mí. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n sábà máa ń lò, èèyàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ olórin jẹ́ ni pé wọ́n á ti fi Alábúkùn bo ìrora mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì kí wọ́n tó débẹ̀. Áspírìn àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Á mú kí èèyàn lè lu ìlù lórí ọwọ́ tó ń sọ pé ó ti tó.

Àìsàn kan wà tí kì í dunni rárá, òun ni mo sì bẹ̀rù jù. Ìka á dára nígbà tí èèyàn ń jẹun, nígbà tó ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n bó bá ti kan dùùrù báyìí, ìka méjì á ká wọlé fúnra wọn. Leon Fleisher, ọ̀kan nínú àwọn atẹdùùrù tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, ni ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí ní nǹkan bí 1964, nígbà tó lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ìka òrùka àti ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká, wọn kò nà mọ́. Fún ọgbọ̀n ọdún, orin tí wọ́n kọ fún ọwọ́ òsì nìkan ló ń tẹ̀, ó ń kọ́ni, ó sì ń darí ẹgbẹ́ olórin. Ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà: ibi tí ọpọlọ ya sọ́tọ̀ fún ìka kọ̀ọ̀kan ti wọnú ara wọn nítorí àtúnṣe àtúntẹ̀. Focal dystonia ni orúkọ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990 ni abẹ́rẹ́ Botox, pẹ̀lú ìfọwọ́rara tó wọlé dé iṣan jíjìn, mú un padà sí ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé àwo orin kan jáde ní 2004 tó pè ní “Two Hands.” Ó kú ní 2020. Kò sí eegun kan tí ẹnikẹ́ni lè tò láti wo irú èyí sàn. Ní àdúgbò wa, èyí gan-an ni wọ́n máa ń kà sí ọfà ayé, torí pé kò wú, kò dunni, orí iṣẹ́ nìkan ló sì ti ń ṣeni. Dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti nọ́ọ̀fù ló yẹ kó rí i.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwòsàn, ọwọ́ olórin fúnra rẹ̀ ló wà. Kò sì ná an lówó púpọ̀. Onígìtá tó so gìtá sílẹ̀ dé orókùn nítorí kó lè dára nínú fídíò, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ká wọlé pátápátá kí ìka tó dé ojú okùn. Kó fa okùn èjìká kúrú títí gìtá á fi dé àyà rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni. Dùùrù tí wọ́n gbé ga lórí ìdúró rẹ̀ ń mú kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn. Ó yẹ kí ìgúnpá àti kíì wà ní ọgbọọgba. Ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù, kó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Bí èépá bá wà nídìí àtàǹpàkò, ó ń di igi le jù. Tony Allen, tó lu ìlù fún Fela títí di 1979, ṣì ń lu ìlù kiri ayé nígbà tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, kí ó tó kú ní Paris ní oṣù kẹrin 2020. Ẹni tó bá wò ó nínú fídíò á rí i pé èjìká rẹ̀ kì í gbéra, igi kàn ń fò lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ìsinmi ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ olórin kì í fẹ́ gbọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá lọ òde ní Sátidé, ẹlòmíràn á jókòó sáyè mi, kò sì ní dìde mọ́.” Òótọ́ ni. Nítorí náà, ìsinmi tí mò ń sọ kì í ṣe kí èèyàn jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Kó yọ èyí tí kò mówó wọlé kúrò ná: fóònù òru, ìdánrawò tó tún orin kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nítorí pé akọrin kò tíì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú òde, kó dẹ ọwọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí alága bá gba máìkì, kó má ṣe máa fi ìka jó lórí òfo. Kí àwọn pásítọ̀ àti olórí ẹgbẹ́ náà gbà pé onílù méjì ló yẹ àìsùn wákàtí mẹ́fà.

Bí ọwọ́ bá ti rọlẹ̀, kí olórin má ṣe fo padà sí wákàtí mẹ́rin. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lójúmọ́, orin tó rọra ń lọ, kó sì tún sinmi kó tó ṣe òmíràn. Bí ọwọ́ kò bá ro lóru ọjọ́ yẹn tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó fi díẹ̀ kún un lọ́jọ́ kẹta. Bó bá ro, kó padà sí iye tó ṣe ṣáájú. Ìyára orin ni kó fi kún gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí àkókò bá ti pé tán.